Nígbà Tí Àbẹ̀kẹ́ Yarí Mọ́ Mi Lọ́wọ́

28 Oṣù Keje, Ọjọ́ Ajé

Àbẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ o. Bí mo ṣe yà kúrò ní títì márosẹ̀ wọ àdúgbò Lotto ní Mówè láàárọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mò ń gbé lọ sí lesson ìsinmi, ó kérora bí ẹni tí inú ń run, sitíárìn sì le gbagidi ní ọwọ́ mi. Bọ́ọ̀sì tí mo máa ń fi ìka méjì yí! Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé? Ṣé èmi ni ò ń bá jà?" Tófúnmi tó jókòó níwájú ní, "Àǹtí Bọ́ọ̀sì, ó fẹ́ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni." Ọmọ ọdún márùn-ún. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Okùn tó ń ṣí i láti inú ọkọ̀ ti já tipẹ́, wáyà la fi ń fà á láti ìta, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n ṣí. Ọ́ìlì pupa inú ike kékeré ti sitíárìn ti lọ sílẹ̀. Mo bù kún un. Màámi dúró tì mí, ó nawọ́ sí ike náà.

"Sàúdátù, kí ni eléyìí ń ṣe?"

"Màámi, eléyìí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́. Tí nǹkan bá ṣe é pẹ́nrẹ́n, mo fẹ́ yà sọ́tùn-ún, kòtò ló máa gbé èmi àti ọmọ ọlọ́mọ lọ."

Mo kàn fi ń ṣàwàdà ni. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́hun ò ní jẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wo ike náà títí mo fi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

2 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

Igbe ọ̀tun. Mẹkáníìkì kan ní Ìbàfò ní irin sitíárìn tí wọ́n ń pè ní ráàkì ló ti kú, kí n lọ ra òmíràn. Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò ní kí n yí i kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Fóònù tó ń tẹ̀ ni kò gbé sílẹ̀. Mo ní ó ṣeun, mo wọ ọkọ̀ mi, mo lọ. Òjò pa mí wọlé.

5 Oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àǹtí Ayọ̀níkẹ́ pè mí. Òun ló ni ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń kó àwọn ọmọ lọ ní Ìbàfò. Òbí kan ti lọ sọ fún un pé bọ́ọ̀sì mi ń ké.

Ó ní, "Ìyá Ikram, ẹ má bínú o, ọmọ ọlọ́mọ ni. A máa resume ní fifteenth September. Ní Saturday tó ṣáájú ẹ̀, èmi fúnra mi máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn. Tó bá ṣì ń ké, Yọ̀mí ló máa máa kó wọn."

Yọ̀mí, ọmọkùnrin tó ń gbé ní òjúlé kejì sí wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bọ́ọ̀sì tó ní AC. Mo ní kò burú. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́.

Bọ́ọ̀sì yìí ni mo fi rán Ikram ọmọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé yunifásítì, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Mo mọ ọmọ tó máa ń bì tí ó bá jẹ mílíìkì, mo mọ èyí tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé tó máa ń fẹ́ jókòó sí ẹ̀yìn mi gan-an. Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, kí ni mo máa jí fún láàárọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́.

9 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé tó bá ti jẹ́ ti sitíárìn, kí n gba Ìfọ̀ lọ, kí n béèrè Hàkímù. Mo gba ọ̀nà Ọ̀fàdà. Gbogbo kọ́nà tí mo yà, bí ẹni gún iyán ogún ènìyàn ni. Kí n tó débẹ̀ apá mi ti kú.

Hàkímù kò tíì pé ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ sì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kí n tó kí i tán ó ti ní, "Màmá, ẹ ti dé ibi tí ẹjọ́ máa parí sí. Tí sitíárìn bá ń ṣàìsàn láti Ṣàgámù dé Sángo, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá." Mo ní nínú ara mi pé afúnnu ni eléyìí, àfi kí n máa wò ó.

Ó ní kí n tan ọkọ̀, kí n yí i lọ yí i bọ̀. Ó mú súkúrù-díráfà gígùn kan, ó fi ẹnu irin náà kan pọ́ǹpù sitíárìn, ó fi ìdí rẹ̀ sí etí, ó dijú. Ariwo gáréèjì yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ilé. Ó ní kí n pa á. Ó ṣí ike ọ́ìlì. "Ẹ wò ó. Ó ń hó bí ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń mu." Ó tún wò ó dáadáa, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn, ó dà bí sóbò tí wọ́n da mílíìkì sí. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ tọ họ́ọ̀sì tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí pọ́ǹpù, ó sì bá ibi tó ti sán.

Ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ó rọ tuntun. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó ní kí n máa yí sitíárìn dópin lápá ọ̀tún, dópin lápá òsì, kí n má tan ọkọ̀. Mò ń yí i, afẹ́fẹ́ ń yọ pùtù-pùtù nínú ike, títí tí kò fi yọ mọ́. Nígbà tí ó gbé e sílẹ̀ tí mo tan án, ìka kan ni mo fi yí Àbẹ̀kẹ́. Inú mi dùn débi pé mo na ọwọ́ sókè nínú gáréèjì.

"Ẹ máa sọ fún wọn ní Mówè," ni Hàkímù wí. "Ẹ ní ọwọ́ kan wà ní Ìfọ̀."

Ọwọ́ kan wà ní Ìfọ̀ lóòótọ́.

16 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kò dún. Láàárọ̀ yìí mo ní kí n lọ ra gáàsì, Àbẹ̀kẹ́ figbe ta. Mo gbé orí lé sitíárìn.

Mo pe Hàkímù. Ó ní, "Kò lè ṣẹlẹ̀." Mo ní ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀kadà já a sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Mi ò ní kí ó wá, òun ló wá fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì tún ti hó, ó sì tún ti dà bíi sóbò onímílíìkì. Ó ní bóyá òjò ló ń gba ìdérí wọlé. Ó pààrọ̀ ìdérí, ó fi ọ̀rá wé e, ó tún rọ ọ́ìlì tuntun.

Màámi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un, ó wá wúre fún un títí ẹ̀kọ fi tutù. Hàkímù kúnlẹ̀ ṣe àmín títí, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìwà yẹn wú mi lórí.

20 Oṣù Kẹjọ, Ọjọ́rú

Òjò ńlá. Àjà yàrá Màámi ń jò, mo sáré kó nǹkan kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, èyí tó ti sọ fún gbogbo wa pé ọjọ́ tí òun bá ń lọ ni kí á fi kan òun lẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tọ́ wò. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Màámi, ṣé kẹ́ẹ̀gì yìí ò jò báyìí?" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní àjà tó ń jò ni kí n gbájú mọ́.

23 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

Ó tún ké.

Hàkímù dé, kò yangàn rárá lónìí. Ó tú pọ́ǹpù, ó gbé e sórí páálí, ó pè mí kí n wá wò. Inú rẹ̀ ti dógùn-ún. Ó ní, "Màmá, inú ọ́ìlì ni nǹkan yìí ń gbé. Báwo ni ohun tó wà nínú ọ́ìlì ṣe máa dógùn-ún? Mi ò rí i rí." Ó tún un wí bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. A ní láti wá tòkunbọ̀. Iye tí wọ́n ń tà á, kí n má kọ ọ́ síbí, kí orí má baà tún fọ́ mi nígbà tí mo bá kà á.

27 Oṣù Kẹjọ, Ọjọ́rú

Hàkímù rí pọ́ǹpù. Ó wá a dé Ìbàfò, ó dá mẹ́ta padà fún àwọn tó ń tà á kí ó tó gba ọ̀kan. Mo jókòó tì í nígbà tó ń dè é. Kò kánjú. Ó fi pẹtiróòlù àti àkísà fọ gbogbo ojú họ́ọ̀sì, ó ń nu nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bí ẹni nu ojú ọmọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan irin gbígbóná, Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń kí ní pẹ̀lẹ́. Mo ti mọ mẹkáníìkì púpọ̀, mi ò tíì rí èyí tó ń bẹ ọkọ̀.

Ìka kan, Àlùhámúdù. Màámi náà jáde wá wò ó, ó ń yọ̀.

30 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

Ó tún ké. Mi ò lè kọ nǹkan kan.

31 Oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Àìkú

Màámi ti lọ sí àsàlátù nígbà tí Hàkímù dé. Ó fa ọ́ìlì díẹ̀ nínú ike, ó ní kí n fún òun ní ìdérí agolo mílíìkì. Ó da ọ́ìlì sínú rẹ̀, ó gbé e lé orí gáàsì mi. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta: pà, pà, pà, bí ìgbà tí èèyàn da ata tútù sínú epo gbígbóná.

Hàkímù pa iná. Ó ní, "Ọ́ìlì nìkan kì í ta báyìí. Omi ló ń ta. Màmá, ẹnì kan ń bu omi sí ọkọ̀ yín."



"Òjò ńkọ́?"

"Òjò kì í mọ ọjọ́. Ẹ̀yin ẹ wo ìgbà tí ẹ máa ń pè mí. Saturday, Saturday, Saturday. Ẹni yẹn, Jímọ̀ ló ń wá."

Orúkọ Yọ̀mí ni ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ta ló tún máa jèrè rẹ̀? Mo ti so ìró mi le, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, nígbà tí Hàkímù dá mi dúró. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ mú un kí ẹ tó pariwo." Mo jókòó padà, mò ń mí bí ẹni sáré. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó rọ ọ́ìlì tuntun, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún Màámi pàápàá. Ẹ̀rù bà mí pé yóò fòyà.

3 Oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́rú

Yọ̀mí dọ̀bálẹ̀ kí mi lẹ́nu géètì. "Ìyá Ikram, ẹ kú wàhálà ọkọ̀ o. Mo ní jáàkì tó strong, tí ẹ bá nílò ẹ̀, ẹ kàn kan ilẹ̀kùn." Mo ní ó ṣeun. Mo wọlé, mo ní, ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀dàlẹ̀.

5 Oṣù Kẹsàn-án, Jímọ̀

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà mo padà dùbúlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Mo wá rọra dìde, mo lọ dúró lẹ́yìn kọ́tìnì kíṣínì. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n fi wáyà fa bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbá omorogùn mú.

Màámi ni.

Màámi, pẹ̀lú híjáàbù funfun rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ife kékeré lọ́wọ́. Ó ṣe bísímílà. Ó ń pe orúkọ wọn, ohùn rẹ̀ rọ̀: Tófúnmi, Mọ́fẹ́yìsára, Àbdùlsàmàd, Máyọ̀kún. Mi ò mọ̀ pé ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ti Mùsùlùmí, ti Kìrìsìtẹ́nì, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Orúkọ mi ló pè kẹ́yìn. Ó wá da omi náà sínú ike sitíárìn, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ó kán sílẹ̀.

Mo jáde. Omorogùn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Màámi! Ẹ̀yin ni!"

Kò tilẹ̀ ta gìrì. "Ó ti yẹ kí o máa sùn."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bu omi sí ọkọ̀ mi láti ọjọ́ yìí!"

"Ìwọ lo sọ fún mi. O ní èyí ló ń jẹ́ kó gbọ́ràn sí ọ lọ́wọ́. O ní tí nǹkan bá ṣe é, kòtò ló máa gbé ẹ lọ. Ṣé kí n wá jókòó kí n máa wò ó?"

"Màámi, omi yìí ló ń bà á jẹ́! Òun ló ba pọ́ǹpù jẹ́! Ọ́ìlì nìkan ni nǹkan yìí ń mu!"

Ó wo ike, ó wo kẹ́ẹ̀gì. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Mi ò mọ̀, Sàúdátù. Wàláhì, mi ò mọ̀."

Ìbínú ṣì wà nínú mi. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo mì í, kò ju ìsàlẹ̀ lọ mọ́. Mo ní, "Omi ọjọ́ ìkẹyìn yín, Màámi! Èyí tí ẹ kò jẹ́ kí Ikram fi ẹnu kàn nígbà tó ń ṣe ibà! Ọkọ̀ lẹ wá ń bù ú fún?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Ta ló máa bù ú kàn mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni."

"Tí títì bá ti gbé ẹ lọ ńkọ́?"

Mo ju omorogùn sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ń sọ pé ìró mi ń dọ̀tí.

6 Oṣù Kẹsàn-án, Àbámẹ́ta

Mo sọ fún Hàkímù lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí tí owó orí fóònù mi fi tán. Nígbà tó dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màámi. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ẹ fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ní gbogbo Ogun State!" Màámi tí kò tíì jẹun dáadáa láti àná rẹ́rìn-ín, ó bo ẹnu.

Hàkímù da ọ́ìlì nù, ó rọ òmíràn fi fọ̀ ọ́, ó tún da ìyẹn nù, títí ohun tó ń jáde fi pupa kedere. Ó gbé díẹ̀ lé iná, kò ta. Pọ́ǹpù tuntun kò tíì bàjẹ́. Ẹnu rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò: "Ṣé ẹ rí i báyìí? Họ́ọ̀sì tó sán ló kọ́kọ́ ń dà á láàmú, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti ṣe é tán! Ọwọ́ kan wà ní Ìfọ̀!" Mo ní ó wà, ó wà, kí ó jókòó jẹun.

Kí ó tó lọ, ó mú Màámi lọ́wọ́ lọ sí ẹnu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ike mìíràn hàn án, èyí tí omi tó ń fọ gíláàsì iwájú wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ibí ni ọkọ̀ ti ń mu omi. Èyí tí ẹ bá bù síbí, iwájú gan-an ló máa fọ́n sí, kí ọkọ̀ àti àwọn ọmọ tó dé ibikíbi." Màámi tẹjú mọ́ ike náà dáadáa. Mo wo ọkùnrin elẹ́nu gígùn yìí, mo ní nínú mi pé ìyá tó bí i kò bímọ dànù. Ó tún bá mi ṣe okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó lọ. Láti ìsinsìnyí, inú ọkọ̀ la ó ti máa ṣí i.

7 Oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́ Àìkú

Mo gbé mọ́ínmọ́ín fún Yọ̀mí. Ó ní, "Ìyá Ikram, kí la ń ṣe?" Mo ní a ò ṣe nǹkan kan, kí ó ṣáà jẹ ẹ́. Mo kúrò níbẹ̀ kíákíá.

12 Oṣù Kẹsàn-án, Jímọ̀

Màámi kan ilẹ̀kùn mi lẹ́yìn ìrun pé kí n wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún òun. A jọ dúró síbẹ̀. Òun ń bu omi sí ike gíláàsì, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ, èmi ń ṣe àmín.

13 Oṣù Kẹsàn-án, Àbámẹ́ta

Àǹtí Ayọ̀níkẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sí iwájú, ó gbé báàgì lé itan, ó dẹtí. Láti Lotto dé Ìbàfò, kòtò ni mò ń yẹ̀, kọ́nà ni mò ń yà, Àbẹ̀kẹ́ kò wí pẹ́nrẹ́n. Tírélà kan fọ́n ẹrẹ̀ sí gíláàsì wa, mo tẹ omi, omi Sámúsámù fọ́n jáde, wáípà nù ún. Ọ̀nà mọ́ gaara níwájú wa.

Ó ní, "Ìyá Ikram, ọkọ̀ yín ò sọ̀rọ̀ mọ́ o."

Mo ní, "Ó ti sọ tiẹ̀ tán ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká pàdé lọ́jọ́ Monday. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tán, mo fọwọ́ pa sitíárìn.

15 Oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́ Ajé

Ìwọlé. Òjò wẹliwẹli láàárọ̀. Mo ti tan Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ fà jáde, nígbà tí Màámi kan fèrèsé. Ìgò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi ọ̀rá wé ẹnu rẹ̀, ó fi rọ́bà dì í. Ohun tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì nìyẹn.

Mo ní, "Màámi, èyí ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ gbé e padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín."

"Rárá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tìẹ ni kó wà." Ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó ká ìka mi lé e lórí. "Ìwọ lo máa bù ú kàn mí lẹ́nu. Máa lọ, àwọn ọmọ ń dúró."

Mo gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo fi ìka kan yí sitíárìn, Àbẹ̀kẹ́ yà sí ojú ọ̀nà, kò dún rárá. Nínú dígí mo rí Màámi tó dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, ètè rẹ̀ ń mì, mo sì mọ orúkọ tó ń pè.